Ọ̀gá Pátápátá àti Ẹ̀rọ Àwọ̀ Tí Wọn Ò Jẹ́ Kó Jí

Kí n tó sọ bí ojú ọkùnrin kan ṣe di búlúù níwájú igba èèyàn lọ́sàn-án gangan, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kí i dáadáa, nítorí kò fẹ́ràn kí wọ́n mẹ́nu kan òun láìkí òun. Òun ni Ọ̀gá Pátápátá Ilé-Iṣẹ́ Ìtẹ̀wé Ìjọba, Alábòójútó Gbogbo Yíǹkì, Olùdarí Bébà Fífẹ̀ àti Bébà Tẹ́ẹ́rẹ́, Alága Ìgbìmọ̀ Tó Ń Yan Ìgbìmọ̀. Lẹ́tà aláwọ̀ wúrà ni wọ́n fi kọ gbogbo rẹ̀ sára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀. Ilẹ̀kùn kò gbà á tán, ni wọ́n bá kọ ìyókù sára ògiri. Àlejò tó bá fẹ́ kà á tán kó tó kan ilẹ̀kùn á rí àga kan níbi "Bébà Tẹ́ẹ́rẹ́", tí wọ́n gbé síbẹ̀ kó lè fìdí lélẹ̀ sinmi díẹ̀.

Ilé alájà mẹ́ta ni ilé-iṣẹ́ náà. Nísàlẹ̀ ni àwọn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wà, wọ́n ń gbọn ilẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Lájà kejì ni yàrá kọ̀ǹpútà, níbi tí wọ́n ti ń to iṣẹ́ kó tó lọ sísàlẹ̀. Lájà kẹta, Ọ̀gá Pátápátá àti àga rẹ̀. Wọ́n ń tẹ fọ́ọ̀mù, wọ́n ń tẹ àwòrán ilẹ̀ fún iléèwé, wọ́n ń tẹ káàdì fún ilé ìwòsàn. Bí ìjọba bá fẹ́ bá aráàlú sọ̀rọ̀ lórí bébà, ibẹ̀ ni bébà náà ti ń jáde.

Àṣà kan wá wà níbẹ̀ tí n kò tíì gbọ́ níbòmíràn. Láràárọ̀, tí aago bá ti lu mẹ́sàn-án, Ọ̀gá Pátápátá á sọ̀ kalẹ̀ wá sí yàrá kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà méjìlá tó wà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé àwòrán ojú rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Á káwọ́ sẹ́yìn, á máa wo ara rẹ̀ lọ láti orí kìíní dé orí ìkejìlá. Bí ojú náà kò bá tàn bí òun ṣe rò pé òun ń tàn, àwọn òṣìṣẹ́ á nawọ́ sí bọ́tìnnì abẹ́ kọ̀ǹpútà, wọ́n á máa yí àwọ̀ rẹ̀ títí Ọ̀gá á fi mi orí.

"Èmi gan-an nìyẹn," ni yóò wí. "Ojú mi ni òṣùwọ̀n."

Akọ̀wé rẹ̀, tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní Bẹ́ẹ̀-Ni-Ọ̀gá tó bá ti kẹ̀yìn, á kọ ọ́ sínú ìwé pé ojú Ọ̀gá ni òṣùwọ̀n, á kọ déètì sí i, á sì fọwọ́ sí i. Ọdún mẹ́fà ló ti ń kọ ọ́. Ìwé mẹ́rin ti kún.

Ọ̀gá fẹ́ràn kí ara òun máa dán yẹ́lò, bí ẹni pé òun nìkan ni oòrùn àárọ̀ ń ràn sí. Díẹ̀díẹ̀, gbogbo kọ̀ǹpútà yàrá náà di yẹ́lò. Funfun kò sí mọ́. Bébà tí kò sí nǹkan kan lára rẹ̀, bí ẹ bá wò ó lójú kọ̀ǹpútà wọn, bí eyín ẹni tó ti ń mu sìgá láti ogún ọdún ló rí. Ẹ fọkàn bá mi lọ síbí yìí o, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó bá ń fi kọ̀ǹpútà tó ti di yẹ́lò ṣiṣẹ́ á máa rí yẹ́lò tí kò sí níbẹ̀. Á yọ ọ́ kúrò, á fi búlúù dí i, kó lè gún lójú tirẹ̀. Tí iṣẹ́ náà bá wá dórí bébà, búlúù ni yóò jáde. Fọ́ọ̀mù ń jáde ní búlúù. Òkè àti pápá inú àwòrán ilẹ̀ ń jáde bí òkun, àwọn ọmọ iléèwé ò mọ ibi tí ilẹ̀ parí sí mọ́. Nígbà tí àwọn olùkọ́ fẹjọ́ sùn, Ọ̀gá kọ lẹ́tà sí wọn pé kí wọ́n lọ yẹ ojú ara wọn wò.

Obìnrin kan wà ní yàrá kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Olójú-Idì. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti yẹ àwọ̀ wò kí ẹrù tó jáde. Òǹtẹ̀ kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, òfin ilé-iṣẹ́ sì ni pé ẹrù tí kò bá ní òǹtẹ̀ yẹn lára kò gbọdọ̀ kọjá géètì. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́, òun ló sì ń gbọ́ bùkátà ilé rẹ̀. Ọ̀gá ló fipá mú un lu òǹtẹ̀ sára àwòrán ilẹ̀ tó di òkun yẹn, ó sì ń dùn ún títí dòní. Látìgbà tí kọ̀ǹpútà ti ya wèrè, ojú fèrèsé ló máa ń gbé bébà lọ, á fi oòrùn wò ó, á padà wá máa forí ṣírò irọ́ tí kọ̀ǹpútà ń pa. Ọdún mẹ́ta ló fi kọ lẹ́tà pé kí wọ́n ra ẹ̀rọ tó ń wọn àwọ̀.

Ẹ̀rọ náà kò tóbi. Ó gba inú àtẹ́lẹwọ́, ó ní okùn tí wọ́n ń kì bọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà, ó sì ní ojú kan lábẹ́. Ẹ ó gbé e kọ́ sí iwájú kọ̀ǹpútà, á wo àwọ̀ tó ń gbé jáde, á sọ fún un ibi tó ti ṣìnà àti bí yóò ṣe padà. Kì í pọ́nni, kì í bẹ̀rù ọ̀gá. Bóyá ìdí nìyẹn tó fi pẹ́ kó tó dé.

Nígbà tó dé, Ọ̀gá ní ohun tó tó báyìí kò lè gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Wọ́n ta ríbọ́nì sí ẹnu ọ̀nà yàrá kọ̀ǹpútà, wọ́n tẹ́ aṣọ pupa láti ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn, wọ́n sì gbé ẹ̀rọ náà lé orí ìrọ̀rí.

"Ẹ̀yin èèyàn mi," ni Ọ̀gá wí, "títí di àárọ̀ yìí, ohun tó wu àwọ̀ ló ń ṣe. Pupa ń pupa láìgbàṣẹ. Ewé ń tutù láìkọ̀wé sí ẹnikẹ́ni. Ó tán lónìí. Láti ìsinsìnyí lọ, bí òṣùmàrè bá fẹ́ yọ, yóò kọ́kọ́ wá sí àjà kẹta."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Bẹ́ẹ̀-Ni-Ọ̀gá fa áńkáṣífì yọ, ó nu ojú.

"Ọ̀gá, bí ẹ ṣe gé ríbọ́nì yẹn báyìí, mo rí gbogbo àwọ̀ inú yàrá yìí tí wọ́n dìde dúró fún yín. Búlúù ló kọ́kọ́ dìde."

"Mo rí i," ni Ọ̀gá dáhùn.

Lẹ́yìn èyí ló wá ṣe ohun tó ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ó gbé páálí ẹ̀rọ náà, pẹ̀lú ìwé ìtọ́nisọ́nà àti sídì tó wà nínú rẹ̀, ó kó o sínú àpótí gíláàsì kan ní ọ́fíìsì rẹ̀, ó tan iná sí i, ó lẹ ìwé mọ́ ọn pé "Èyí Tí Mo Ṣí", ó tì í pa, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kọ́ ọrùn. Ẹ̀rọ nìkan ló ṣẹ́ kù fún àwọn òṣìṣẹ́, ìyẹn náà torí pé Olójú-Idì ti dì í mú ni.

Olójú-Idì gbé e kọ́ sí kọ̀ǹpútà kìíní, ó ki okùn rẹ̀ bọ ibi tó yẹ. Ìkọ̀wé kan yọ ní igun ìsàlẹ̀ pé: "Ẹ̀rọ yìí ń sùn. Kó tó lè ṣiṣẹ́, ẹ fi ètò tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é fi ránṣẹ́ sí i." Kò yà á lẹ́nu. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wà, orí òfìfo ni wọ́n fi ń jáde, ètò tó ń jí wọn á wà lọ́tọ̀ lórí sídì. Ó gun àtẹ̀gùn lọ sí àjà kẹta.

"Ẹ kú iṣẹ́, Ọ̀gá. Ẹ̀rọ náà ò tíì jí. Ètò tó máa jí i wà lórí sídì inú páálí yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá wa fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré."

Ọ̀gá gbé ìgò ojú rẹ̀ wálẹ̀. "Ẹ̀rọ tí mo fọwọ́ ara mi ṣí, lo ní ó ń sùn?"

"Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn, Ọ̀gá. Àwọn tó ṣe é ló ni ètò tó ń jí i."

"Ta ni àwọn tó ṣe é? Ṣé wọ́n mọ̀ mí? Ṣé wọ́n ti rí ojú mi rí? Àjèjì kan jókòó síbi kan, kó wá gbé ètò tirẹ̀ wọnú kọ̀ǹpútà mi, kó máa wá kọ́ mi ní ohun tó ń jẹ́ yẹ́lò?"

"Kò ní í kọ́ yín ní nǹkan kan, Ọ̀gá. Ẹ̀rọ ló máa kọ́."

"Ọ̀gá, ṣé ẹ gbọ́ ohun tó wí?" ni Bẹ́ẹ̀-Ni-Ọ̀gá sọ láti ẹ̀yìn àga. "Ó ní ẹ̀rọ yín ò kàwé."

Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Sídì kò jáde. Dípò rẹ̀, Ọ̀gá yan ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́sàn-án tí yóò wá ọ̀nà tí ẹ̀rọ yóò fi jí láìsí ọwọ́ àwọn tó ṣe é níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méje ni wọ́n fi jókòó. Wọ́n kọ́kọ́ dábàá pé kí wọ́n fi ọ̀wọ̀ bá ẹ̀rọ náà sọ̀rọ̀. Wọ́n bá a sọ ọ́, kò dáhùn. Wọ́n ní kí wọ́n fi àwòrán Ọ̀gá sí i dípò ètò. Kọ̀ǹpútà ní òun kò mọ èyí. Nígbà tó yá, ọlọ́gbọ́n kan nínú wọn rí i pé ìkọ̀wé yẹn gan-an ló ń ba nǹkan jẹ́, pé bí ẹnikẹ́ni kò bá rí i pé ẹ̀rọ ń sùn, a jẹ́ pé kò sùn. Wọ́n tẹ àwòrán Ọ̀gá kékeré kan tó lè lẹ̀, wọ́n fi bo ìkọ̀wé náà. Níbi tí kọ̀ǹpútà ti ń béèrè orúkọ òṣùwọ̀n tí wọ́n ń lò, wọ́n kọ "Ojú Ọ̀gá Pátápátá". Ìgbìmọ̀ sì gba oyè ìdúpẹ́.

Láti ọjọ́ náà, aago mẹ́sàn-án ò yí padà, ṣùgbọ́n adùn rẹ̀ pọ̀ sí i. Ọ̀gá á dé, ẹ̀rọ á kọ́ síbẹ̀ bí àdán, Bẹ́ẹ̀-Ni-Ọ̀gá á fi etí lé e, á mi orí.

"Kí ló wí?" ni Ọ̀gá á béèrè.

"Ó ní ẹ ti tún dára ju àná lọ, Ọ̀gá. Ó ní òun ò mọ bí òun ṣe máa wọ̀n ọ́n."

Inú Ọ̀gá dùn débi pé ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé àṣẹ kan: òṣìṣẹ́ tí ẹ̀rọ àwọ̀ bá ká àṣìṣe mọ́ lọ́wọ́, kó kó kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, ìbáà jẹ́ ẹni tó ga jù lọ ní ilé-iṣẹ́. Gbogbo wọn mọ ẹni tó ní lọ́kàn. Àjà kẹta kọ́ ló ń wò nígbà tó kọ ọ́.

Ibi tí wọ́n ti ń fi ara wọn ṣeré báyìí ni iṣẹ́ káàdì omi dé. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ẹ̀rín, ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́. Omi kànga ti bàjẹ́ káàkiri, àwọn ọmọdé ń yàgbẹ́ gbuuru. Ilé ìwòsàn fẹ́ fún ilé kọ̀ọ̀kan ní bébà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n máa tì bọ omi, àti káàdì kan tí wọ́n á gbé bébà náà sún mọ́. Tí bébà bá jọ yẹ́lò orí káàdì, omi dára. Tó bá jọ àwọ̀ ewé, kí wọ́n sè é kí wọ́n tó mu ún. Tó bá jọ búlúù, kí wọ́n má fọwọ́ kàn án. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì káàdì ni wọ́n fẹ́.

Àbúrò Olójú-Idì ni nọ́ọ̀sì tó wà ní ilé ìwòsàn òdìkejì afárá, níbi tí àìsàn náà ti pọ̀ jù. Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù lọ́sàn-án ọjọ́ kan.

"Ẹ̀gbọ́n mi, káàdì yẹn ńkọ́? Ọmọ mẹ́rin ni mo fa omi sí lára láàárọ̀ yìí. Àwọn ìyá wọn ò mọ kànga tó dáa yàtọ̀ sí èyí tí kò dáa."

"Wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́."

"Kí wọ́n yára o. Kí wọ́n má sì kàn tẹ̀ ẹ́ ṣákálá. Ojú àwọ̀ yẹn ni wọ́n máa wò tí wọ́n á fi gbé omi sẹ́nu."

Lọ́jọ́ kejì, káàdì àkọ́kọ́ gòkè wá láti ìsàlẹ̀. Olójú-Idì gbé e lọ sí ojú fèrèsé, pẹ̀lú bébà tẹ́ẹ́rẹ́ tí àbúrò rẹ̀ fún un. Ó ti bébà náà bọ omi kànga tí wọ́n bù wá láti òdìkejì afárá. Bébà náà di àwọ̀ ewé, ìyẹn ni pé kí wọ́n sè é. Ó gbé e sún mọ́ káàdì. Yẹ́lò orí káàdì ti bá búlúù Ọ̀gá pàdé, ó ti di àwọ̀ ewé. Bébà àti ibi tí wọ́n kọ "Omi yìí dára" sí jọra bí ìbejì. Ó rò ó wò pé ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì ilé ni yóò máa fi òǹtẹ̀ òun mu àìsàn.

Ó gun òkè lọ. Ọ̀gá gba káàdì náà, ó sún un mọ́ ojú, ó na ọwọ́ jìnnà.

"Yẹ́lò ni mò ń rí."

"Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí ojú fèrèsé, Ọ̀gá. Ẹ ó rí i."

"O fẹ́ kí n máa tọ oòrùn lọ? Oòrùn ló yẹ kó tọ̀ mí wá."

"Ó sì ti ń bọ̀, Ọ̀gá," ni Bẹ́ẹ̀-Ni-Ọ̀gá wí. "Ọ̀sán ti fẹ́ẹ́ pọ́n."

"Ọ̀gá, ọmọdé ló máa mu omi yìí," ni Olójú-Idì wí. "Mi ò lè lu òǹtẹ̀ sí i."

Ọ̀gá dìde. "Lọ́jọ́bọ̀, àwọn ìgbìmọ̀ alábòójútó láti ọ̀dọ̀ ìjọba ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ wa. Lọ́jọ́ náà ni mo máa ṣí àwòrán mi ńlá níta, ọjọ́ náà sì ni ọkọ̀ á kó káàdì jáde. Tí òǹtẹ̀ rẹ ò bá tíì wà lára rẹ̀ kí n tó parí ọ̀rọ̀ mi, kó àpò rẹ máa lọ sílé. Ẹ̀rọ mi ti wọn káàdì yẹn. Kò rí àléébù kankan lára rẹ̀."

Olójú-Idì padà sídìí tábìlì rẹ̀, ó ń wo òǹtẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé gbé mì, kò ṣeé tu dànù. Ẹ̀rù bà á, kí n má parọ́ fún yín. Ó ronú ọdún mọ́kàndínlógún, ó ronú ilé tó ń gbọ́ bùkátà rẹ̀, ó wá ronú àwòrán ilẹ̀ tó di òkun. Àwọn àgbà ní bí a bá ránni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ó ti òǹtẹ̀ náà bọ àpò bùbá rẹ̀, ó fi píìnì dè é.

Ọjọ́bọ̀ dé. Igba èèyàn pé sí àgbàlá. Àwòrán Ọ̀gá tó wà lára ògiri ga tó ilé alájà méjì, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó. Lẹ́nu géètì, ọkọ̀ tó kó káàdì ti ń jó epo níbi tó dúró sí, awakọ̀ ń fọn fèrè, ẹ̀ṣọ́ géètì sì fi àáké kọ́rí pé òun ò rí òǹtẹ̀. Alága ìgbìmọ̀ tó wá jẹ́ ìyá àgbàlagbà kékeré kan, olùkọ́ ìṣirò tó ti fẹ̀yìn tì. Ó gbé báàgì rẹ̀ lé orúnkún, ó ń wo aago.

Ọ̀gá sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú márùndínlọ́gọ́ta. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ó sọ bí òun ṣe bá àwọ̀ ní ìhòòhò tí òun sì wọ̀ ọ́ láṣọ. Ó wá fa okùn, aṣọ funfun sì já wálẹ̀.

Búlúù ni ojú tó wà lára ògiri yẹn. Kì í ṣe búlúù díẹ̀. Ó dà bí ẹni tí wọ́n rẹ sínú aró lẹ́ẹ̀mẹ́ta tí wọ́n sì gbàgbé sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹrin. Ètè búlúù, imú búlúù, eyín nìkan ló gbìyànjú láti yàtọ̀.

Bẹ́ẹ̀-Ni-Ọ̀gá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ẹ wo bí ojú Ọ̀gá ṣe jọ ojú ọ̀run," ló wí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Àwọn tó ń jẹ lábẹ́ Ọ̀gá tẹ̀ lé e. Òṣìṣẹ́ kan tiẹ̀ ní òun ń gbúròó ẹyẹ.

Ọ̀gá yíjú, ó rí ara rẹ̀. Bó bá dákẹ́ níbẹ̀ ni, bóyá n kì bá tí ní ìtàn kankan láti sọ. Àmọ́ ẹnu ọlọ́lá kì í dákẹ́.

"Àwọ̀ yìí ni àwọ̀ àṣẹ," ló wí. "Mo mọ̀ọ́mọ̀ ni. Ẹ̀rọ wa ló wọ̀n ọ́n, ẹ̀rọ wa kì í sì í ṣàṣìṣe."

Ìyá Alága dìde. "Ẹ̀rọ wo nìyẹn? Ẹ mú mi lọ wò ó."

Gbogbo wọn rọ́ gòkè. Nínú yàrá kọ̀ǹpútà, ìyá náà tẹjú mọ́ ẹ̀rọ tó kọ́ síbẹ̀, ó tẹjú mọ́ àwòrán kékeré tó wà ní igun.

"Kí ló wà lábẹ́ àwòrán yín yìí?"

"Kò sí nǹkan kan, mà. Ọ̀ṣọ́ ni," ni Ọ̀gá wí.

Ìyá Alága fi èékánná ká a kúrò. Ó ka ìkọ̀wé tó wà lábẹ́ rẹ̀ sókè, ó ń ya ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ bí ìgbà tó ń kọ́ kíláàsì. "Ẹ̀rọ yìí ń sùn." Ó yíjú sí wọn. "Ó tó ọjọ́ mélòó tó ti ń sùn?"

"Kì í ṣe oorun, mà," ni Bẹ́ẹ̀-Ni-Ọ̀gá wí. "Ó ń ronú."

"Oṣù mẹ́ta ó lé, mà," ni Olójú-Idì wí. "Sídì tó máa jí i wà nínú àpótí gíláàsì ní òkè. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ ká jí i kí ọkọ̀ tó wà ní géètì tó lọ."

Ìyá Alága na ọwọ́ sí Ọ̀gá. Ọ̀gá ní kọ́kọ́rọ́ ọrùn òun kì í ṣe fún ṣíṣí nǹkan, ti iyì ni. Ìyá náà kò fa ọwọ́ sẹ́yìn. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ọ. Okùn kọ́ ìgò ojú, ìgò ojú kọ́ etí, Ọ̀gá ń yí po lójú kan, Bẹ́ẹ̀-Ni-Ọ̀gá ń yí tẹ̀ lé e kí ó má bàa kẹ̀yìn sí i.

Sídì dé. Olójú-Idì fi sínú kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà béèrè bóyá kí òun fi ètò náà sórí ẹ̀rọ, ó tẹ "Bẹ́ẹ̀ni". Ìlà kan bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti ọwọ́ òsì lọ sí ọwọ́ ọ̀tún. Ẹ̀yin mọ ẹni tó rí àyè níbẹ̀.

"Ẹ̀yin èèyàn mi," ni Ọ̀gá wí, "bí ẹ ṣe ń wò ó yìí, mo ti pàṣẹ kí ẹ̀rọ jí. Ìlà tó ń lọ yẹn, èmi ló ń tọ̀ bọ̀."

Iná kékeré tàn lára ẹ̀rọ. Pupa yọ lábẹ́ ojú rẹ̀, àwọ̀ ewé yọ, búlúù yọ, funfun tẹ̀ lé e. Ẹ̀rọ ń wo ọ̀kọ̀ọ̀kan láìsáré. Lójijì ni yẹ́lò ká kúrò lójú kọ̀ǹpútà. Funfun di funfun. Àwòrán Ọ̀gá tó ń dán bí wúrà láàárọ̀ yẹn di búlúù níwájú gbogbo wọn, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe wà lára ògiri níta. Olójú-Idì ṣí káàdì omi jáde, ibi tí wọ́n kọ "Omi yìí dára" sí sì tutù bí koríko. Ìkọ̀wé tuntun yọ: "Òṣùwọ̀n tó wà tẹ́lẹ̀: Ojú Ọ̀gá Pátápátá. Àṣìṣe rẹ̀ kọjá ohun tó ṣeé gbà."

Ìyá Alága kò pariwo. "Kí ni òfin ilé-iṣẹ́ yìí wí lórí irú èyí?"

Ẹ ò ní í gbàgbọ́ ẹni tó dáhùn. Bẹ́ẹ̀-Ni-Ọ̀gá ti fi ìwé àṣẹ náà sápò láti fi lé Olójú-Idì jáde lọ́sàn-án náà. Ó fà á yọ, ó sì fi ohùn adùn kà á dé òpin: kó kó kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, ìbáà jẹ́ ẹni tó ga jù lọ.

"Mà, ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ pé ojú yẹn kù díẹ̀ káàtó," ló fi kún un.

"Mo gbọ́," ni Ìyá Alága wí. "Lọ wá ọ̀bẹ, kí o lọ ha lẹ́tà ara ilẹ̀kùn yẹn kúrò. Tí o bá ti ṣe ilẹ̀kùn tán, bọ́ sí ògiri."

Ọ̀gá kó kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Ó kọjá lábẹ́ ojú ara rẹ̀ ní àgbàlá, kò gbójú sókè. Ẹ̀ṣọ́ géètì ṣílẹ̀kùn fún un, ó sì tì í padà níwájú ọkọ̀ káàdì. Olójú-Idì sáré sọ̀ kalẹ̀, ó ní kí wọ́n tú ẹrù náà. Nígbà tó rí páálí àkọ́kọ́ tó kanlẹ̀, ó jókòó lé e lórí, ó sì sunkún ayọ̀ díẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi tẹ òmíràn. Òǹtẹ̀ rẹ̀ wà lára gbogbo páálí, àbúrò rẹ̀ sì ló gba ti àkọ́kọ́ lọ́wọ́ awakọ̀ ní òdìkejì afárá.

Káàdì ń lọ láti ilé dé ilé. Lọ́sẹ̀ kejì, ó dé ilé ọkùnrin kan tó jókòó sí yàrá ìjẹun rẹ̀, tí kò sí ẹni tó ń kí i mọ́ àfi ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó náà ti bébà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ omi kànga ẹ̀yìnkùlé wọn, ó gbé e sún mọ́ káàdì.

"Ó ti di àwọ̀ ewé," ló wí. "A ní láti máa sè é."

Ọkọ rẹ̀ na ọwọ́, ó gbà á, ó sún un mọ́ ojú, ó na ọwọ́ jìnnà. "Yẹ́lò nìyẹn."

"Yẹ́lò ni?"

"Yẹ́lò ni. Ṣé o fẹ́ kọ́ mi ní àwọ̀ ni?"

Ìyàwó rẹ̀ kò bá a jiyàn. Ó bu omi náà kún ife, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e síwájú rẹ̀.

"Ó dáa, baba àwọn ọmọ. Ẹ mu ún."

Ó gbé ife náà. Ó wò ó, ó wo bébà, ó wo ojú ìyàwó rẹ̀, tí kò rẹ́rìn-ín rárá. Ó gbé ife kalẹ̀. Ó dìde, ó wá kẹ́tùlù rí lábẹ́ tábìlì, ó da omi náà sínú rẹ̀, ó sì ṣáná sí sítóòfù.